Ibi Tí Rẹ́kọ́ọ̀dù Ti Máa Ń Fò

"Ẹ dákẹ́! Ibẹ̀ yẹn gan-an nìyẹn!"

Ìyá àgbà mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì na ìka sí sípíkà bí ẹni tó ń fi olè han ọlọ́pàá. Àwo dúdú ń yí lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń sáré lórí rẹ̀, ọkùnrin kan ń lé orin, àwọn obìnrin ń gbè é nísàlẹ̀, gìtá sì ń dún láàárín wọn. Lójijì, abẹ́rẹ́ dún kọ́, ó fò, orin bọ́ sí ibòmíràn. Ìyá àgbà mi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ó tún ti gbé mi mì," ló wí. Lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ ẹja rẹ̀ rù, a sì bá ọ̀nà wa lọ.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onírẹ́kọ́ọ̀dù kan ní Ṣómólú, kò jìnnà sí Bajulaiye níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ilé wa wà ní Ladi-Lak. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá àgbà máa ń gbé ẹja kiri ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Bàrígà dé Ṣómólú, èmi ni mo sì máa ń bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì abọ́ mú tó bá fẹ́ sọ ẹrù. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òórùn ẹja gbígbẹ máa ń ṣáájú wa wọ ṣọ́ọ̀bù. Onírẹ́kọ́ọ̀dù náà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Àlàájì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, á ti mọ̀ pé a ti dé kó tó gbójú sókè. Á kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, á fa àwo náà yọ láìwo ibi tó wà.

Ṣọ́ọ̀bù náà há bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù dúró gbágbáágbá nínú àpótí onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri méjèèjì, òórùn páálí àtijọ́ àti eruku sì kún ibẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ènìyàn ń rà lásìkò yẹn, Àlàájì náà sì ń tà á níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bó ṣe ń mú kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí bó ṣe ń mú àwo. Tó bá fẹ́ nu àwo, á mú aṣọ fẹ́lẹ́, á máa rọra yí i káàkiri ojú rẹ̀ bí ìyá tó ń fi òrí pa ọmọ lára. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá àgbà mi dáadáa, ibi ààrò rẹ̀ létí ọ̀sà ní Bàrígà ni kó lọ. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àgbá onírin tí wọ́n gé sí méjì ló fi ń yan ẹja, àwọ̀n wáyà lórí rẹ̀, igi tútù àti gbígbẹ nísàlẹ̀. Ìka rẹ̀ lásán ló fi ń yí ẹja padà. Tí mo bá pariwo pé iná á jó o, á ní, "Iná ti mọ̀ mí, jẹ́jẹ́ báyìí ló ń kí mi." Kì í kánjú. Ó máa ń sọ pé ẹja tá a bá kánjú yan, ìta rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ, inú rẹ̀ á máa rà. Èéfín á bò wá, ojú mi á máa ṣomi, òun á sì máa kọrin lábẹ́ èémí rẹ̀.

Orin rẹ̀ ṣàjèjì sí mi kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ègbè nìkan ló máa ń kọ. Á kọ ègbè, á dákẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti lé e, á tún kọ ègbè. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń kọrin nìyẹn, pé ènìyàn gbọ́dọ̀ máa dúró kí atẹ́gùn dá sí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì ni mo tó gbọ́ ohùn ẹni tó ti ń dúró dè.

Ohun tó sọ fún wa kò lọ́jú pọ̀. Ó ní kí wọ́n tó bí bàbá mi, òun àti ọ̀rẹ́ òun méjì láti etíkun ni wọ́n gbè fún olórin inú àwo yẹn. Wọ́n kó wọn lọ sí yàrá kan ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gbé tìmùtìmù kọ́ ara ògiri, wọ́n pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà bọ́ sínú orin, òógùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Oyún bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. "Ìwọ náà wà níbẹ̀," ló máa ń sọ fún bàbá mi. "Ká ní o tà mí nípàá lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ṣi orin."

Bàbá mi á ní, "Màámi, níbo ni wọ́n kọ orúkọ yín sí?"

Kò sí ibi kankan. Orúkọ olórin nìkan ló wà lára páálí àwo náà, àti ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, "pẹ̀lú àwọn elégbè rẹ̀." Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn líle. Òun ló ń ra bàtà fún ìyá rẹ̀, òun ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò lè tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé ni, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ìwé ló máa ń gbà. Ojú sì ń tì í. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bajulaiye ń pè é ní Ọmọ Olórin, wọ́n á máa gbè lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ti ń kọjá. Àwọn ará àdúgbò náà á dá ìyá àgbà dúró pẹ̀lú abọ́ lórí, wọ́n á ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ bá wa gbé ọ̀kan!" Òun á rẹ́rìn-ín, á bá wọn ṣeré. Tó bá délé, ẹ̀rín náà á tán lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí gbogbo Ṣómólú gba òun gbọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ kó gbà á gbọ́, ọmọ náà sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn àwọn obìnrin inú àwo náà wà lábẹ́ ohùn ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Ibì kan péré ló wà, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti wí, tí ọkùnrin ti dákẹ́, tí obìnrin nìkan kọrin, òun sì ni wọ́n ní kó ṣáájú níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwo ti máa ń fò. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alángbá kan já láti òkè àjà lé àwo náà lórí níbi tó ti ń yí, jìnnìjìnnì bá alángbá, ó gbá apá ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sì ha àwo náà lójú yánmọyànmọ. Àlàájì wá òmíràn títí dé Ìdúmọ̀tà, kò rí. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó ní, "Gbogbo ibi tó fẹ̀ tó báyìí, ibi tí ẹ̀rí Màámi wà ni alángbá rí já lé. Alángbá yẹn mọ ẹjọ́ rò o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì dìde lọ yí ẹja.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìfò yẹn ṣe fún àdúgbò wa. Olórin á ní, "Ìjì jà lójú omi, kò gbé wa lọ," àwọn obìnrin á kọ tiwọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á ní, "Ẹ bá wa yọ̀ o, ẹ bá wa yọ̀." Ṣùgbọ́n àwo Àlàájì máa ń fò láti ara "kò" bọ́ sí ara "yọ̀," torí náà ohun tí à ń gbọ́ ni, "Ìjì jà lójú omi, kò yọ̀ o, ẹ bá wa yọ̀." Ọdọọdún ni sípíkà rẹ̀ ń dún sí títì. Bí gbogbo Ṣómólú ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àwọn ọmọdé fi ń pàtẹ́wọ́, àwọn òǹtẹ̀wé fi ń fa ẹ̀rọ wọn. Wọ́n tilẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìjì tó dìde sí ọmọ ènìyàn tí kò rí i gbé, inú rẹ̀ kò ní dùn, kò ní yọ̀. Wòlíì kan ní òpópónà wa fi ṣe ìwàásù. Bàbá mi tẹ sítíkà rẹ̀, ÌJÌ KÒ YỌ̀, lẹ́tà pupa lórí ìwé funfun, ó sì ń tà á fún àwọn onímọ́tò. Òun tí kò gba nǹkan tí wọn kò tẹ̀!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlàájì sáré wá sílé wa, fìlà rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní olórin inú àwo náà ṣì wà láyé, pé ó wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Èkó, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní Àkókà. Ó ní òun ti lọ kí i, òun ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà láti wá kọrin díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Kò ní sí ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, kò ní sí ìlù, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan.

Ìyá àgbà ń ha ẹja lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Àlàájì bóyá ọkùnrin náà ṣì gùn bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀.

Àlàájì kò tíì jáde tán tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀. "Màámi, ẹ dákun. Tá a bá débẹ̀, ẹ má lọ bá bàbá yẹn sọ ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù o. Tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀ yín ńkọ́, níwájú gbogbo èrò? Please, Màámi. Ẹ jẹ́ ká kàn gbádùn orin."

Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú tirẹ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má ba ọkàn ìyá rẹ̀ jẹ́.

"Mi ò ní sọ̀rọ̀," ni ìyá àgbà wí.

"Ẹ ṣèlérí?"

"Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ náà, ó wẹ̀ ó tún wẹ̀ kí òórùn ẹja lè kúrò lára rẹ̀, kò sì kúrò. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀ lọ, funfun báláú. Àlàájì ti yá bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó ti kó àpótí kásẹ́ẹ̀tì síta kí àyè lè gbà wá. Àwọn òǹtẹ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà ìtẹ̀wé lábẹ́ èékánná wọn, aránṣọ ẹnu ọ̀nà kejì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti Àkókà náà sì fún ara wọn mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. A jókòó sẹ́yìn pátápátá, bàbá mi lápá ọ̀tún ìyá rẹ̀, èmi lápá òsì. Mo rò pé ṣe ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ olórin náà ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Ó gùn lóòótọ́, ó tín-ín-rín, awò dúdú bo ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó fọwọ́ tọ́ àga kó tó jókòó, ó gbé gìtá lé itan, ó sì ní kí wọ́n bá òun pa fáànù. Àlàájì pa á. Ooru bo gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbọ́ tí ìyá àgbà mi ṣe "hùn" nínú ọ̀fun.

N kò tíì gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ohùn ọkùnrin náà ti gbó, tó bá gòkè ó máa ń ya, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀ kalẹ̀, ó máa ń kún gbogbo ilé. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí okùn gìtá, bó ṣe ń mí sínú kó tó gbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Rẹ́kọ́ọ̀dù kì í fún wa ní èyí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé inú sípíkà ni orin ń gbé. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ènìyàn ni, pé ó ń làágùn, ó ń wúkọ́, ó ń béèrè omi mu. Àlàájì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tó ti pa, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu àwo.

Lẹ́yìn orin bíi mélòó kan, ó ta gìtá lọ́nà kan, gbogbo ilé sì hó yè. Gbogbo wa la mọ orin náà.

"Ọkọ̀ wa ti gúnlẹ̀ o," ló lé e.

"Ó gúnlẹ̀!" la fi dá a lóhùn, àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

"Ìjì jà lójú omi, kò..."

"YỌ̀ O! Ẹ bá wa yọ̀!"

Olórin dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn. Àwa ti lọ jìnnà, a ti ń pàtẹ́wọ́ kí a tó rí i pé àwa nìkan la ń kọrin. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ibo lẹ ń sáré lọ?"

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú àwọn òǹtẹ̀wé dáhùn, "Baba, na so the song be now!"

"Ta ló kọ ọ́? Ṣé èmi ni àbí ìwọ?" Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ó tún ní, "Ta ni kò yọ̀? Ìjì? Kí ni inú ìjì ṣe bàjẹ́ sí?"

Mo wo bàbá mi. Ó ti dorí kodò. Mo rò pé sítíkà rẹ̀ ló rántí.

Àlàájì bá tọrọ gáfárà, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ alángbá fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ọmọ rẹ̀ gbá a lẹ́yìn. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un gbé. Tí mo bá ti ní 'kò gbé wa lọ,' kí gbogbo yín dákẹ́. Ibẹ̀ kì í ṣe tiyín, kì í tún ṣe tèmi. Àwọn obìnrin kan ló ni ibẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wà, sà?" ni aránṣọ béèrè.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Èmi náà ò mọ̀. Gìtá ni mo máa fi kọjá níbẹ̀."

N kò lè wo ojú ìyá àgbà mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò. Ó ti fi àwọn ìka tí iná kì í jó náà di etí aṣọ funfun rẹ̀ mú. Mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ pariwo pé òun nìyí, ó jókòó síbí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, bàbá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù.

Olórin tún gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, a ní ó gúnlẹ̀. "Ìjì jà lójú omi, kò gbé wa lọ." Ẹni méjì mẹ́ta ṣì fò, wọ́n ní "yọ̀ o," àwọn tó kù sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún wọn. Lẹ́yìn náà, ilé dákẹ́. Gìtá nìkan ló ń rìn lọ jẹ́jẹ́ ní ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí.

Ìyá àgbà mi la ẹnu.

"Ẹ kí ẹni tó tukọ̀, ẹ má gbàgbé ẹni tó gbọ́nmi;
ọkọ̀ tí a ò gbọ́n, ibo ni yóò gúnlẹ̀ sí?"

Kò pariwo rẹ̀. Ohùn tó fi ń kọrin nídìí ààrò ló fi kọ ọ́, èéfín wà nínú rẹ̀, ó sì tọ́ ṣánṣán. Ọwọ́ bàbá mi ti gbéra láti dá a lẹ́kun. Mo rí i. Ọwọ́ náà dé agbedeméjì, kò lọ mọ́, kò sì padà. Àwọn ènìyàn yíjú sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórin kò dá gìtá dúró. Ó kàn yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ọ̀dọ̀ wa, ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún okùn náà ta láti ẹ̀yìn kí ibẹ̀ má tíì tán, ìyá àgbà sì tún un kọ. Bó ṣe parí rẹ̀, kí ọkùnrin náà tó bọ́ sí "Ẹ bá wa yọ̀," ó pe orúkọ kan. Inú orin ló ti pè é, ó pè é bí ẹni tó rí ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò gbọ́ orúkọ náà rí. Nílé wa, Màámi ni, Ìyá Àgbà ni, Ìyá Ẹlẹ́ja ni. Mo fa aṣọ bàbá mi, mo ní, "Dádì, ta ni wọ́n ń pè?"

Bàbá mi kò wojú mi. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ìyá mi ni," ló wí. "Ìyá mi ni wọ́n ń pè."

Gbogbo ilé wá gba orin náà, wọ́n bá wọn yọ̀, wọn kò fẹ́ kó tán. Inú mi dùn débi tó ń ro mí.

Lẹ́yìn orin, wọ́n la ọ̀nà fún ìyá àgbà, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ olórin. Èdè Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ, n kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ pé olórin béèrè àwọn méjì yòókù. Ìyá àgbà sọ fún un pé ọ̀kan ti kú, pé èkejì bá ọkọ lọ sí Kùtọnu, òun kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti kọ orin yẹn níbikíbi, gìtá lòun fi ń kọjá níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó gbé e tó dùn mọ́ òun nínú.

Nígbà tí à ń lọ sílé, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ladi-Lak kí bàbá mi tó yíjú sí ìyá rẹ̀. Ló bá ní, "Màámi, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Pé mi ò ní sọ̀rọ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ṣé mo sọ̀rọ̀? Orin ni mo kọ."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri ẹlẹ́ran mú. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó fi apá kọ́ apá ìyá rẹ̀, ó sì ní, "Yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ yẹn, ẹ ní wọ́n pa fáànù?" Ó ti gbọ́ ìtàn náà ní àìmọye ìgbà. Ìyá àgbà sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò tíì sọ ọ́ rí, tìmùtìmù, òógùn, gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ń gbọ́, ó ń béèrè. Bí ó ṣe tọrọ àforíjì nìyẹn. Ọkùnrin ìgbà yẹn kì í fi ẹnu bẹ ìyá rẹ̀, ó sì yé ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ kó gbogbo sítíkà rẹ̀ dà nù. Ìyá àgbà ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Ìjì náà ò sì yọ̀ lóòótọ́."

Láti ìgbà náà, bàbá mi kò béèrè ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí mọ́, ìyá àgbà sì rí àyè. Á, ó rí àyè! Ó ní lọ́jọ́ kan àwọn aṣọ́bodè gba ẹja òun lórí omi, òun kọrin fún wọn, ọ̀gá wọn sunkún, ó dá ẹja padà, ó tún fi epo pẹtiróòlù kún un. Ó ní òun lúwẹ̀ẹ́ láti Mákòókò dé Bàrígà pẹ̀lú abọ́ lórí, irun òun kò tutù. Ó ní ẹja kan wà tó mọ ohùn òun, tí òun bá ti ń gbè létí omi, á yọjú. Bàbá mi á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Irun yín ò tutù rárá?" "Kò tutù." "Ẹ̀ẹ́n, Màámi. Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ìyá mi á máa wo wọ́n láti ibi ìdáná, á sì mi orí. Bí ìyá àgbà ṣe lo ìyókù ayé rẹ̀ nìyẹn, ó ń sọ, ọmọ rẹ̀ ń gbà á gbọ́.

Ó ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ tèmi ló ń gbọ́ ìtàn wọ̀nyẹn, wọ́n á sì bi mí pé èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Mo ní n kò mọ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń wà láàárín àwọn ènìyàn nígbà mìíràn, ní ibi àìsùn òkú tàbí ní ilé ìwòsàn níbi tí a ti ń dúró de dókítà, àgbàlagbà kan á sì sọ pé òun ti ṣe báyìí-báyìí rí nígbà ọ̀dọ́ òun. Mo máa ń rí i bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń wo ara wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀rín pamọ́. Mo máa ń rí i pé àgbàlagbà náà rí wọn. Ara mi kì í gbà á. Mo máa ń fa àga mi sún mọ́ ọn, mo sì máa ń ní, "Ẹ̀ẹ́n, mà. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"